Bàtà Òsì Inú Yàrá Ìwé

Bí o bá gba iwájú ilé atẹ̀wé kọjá nígbà tí yàrá ìwé ṣì wà níbẹ̀, kì í ṣe ìwé lo máa kọ́kọ́ rí. Bàtà ni. Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan, tí wọ́n tò sórí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà: bàtà aláwọ tí olùkọ́ wọ̀ wá, sílípáàsì onírọ́bà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, bàtà gíga obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, bàtà ọmọ iléèwé tí okùn rẹ̀ ti já. Àjèjì á kọ́kọ́ rò pé ilé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan lòún dé. Bó bá wá yọjú sí fàráńdà, á rí àwọn àgbààgbà tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, ìwé lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì lórí sìmẹ́ǹtì tútù, tí ẹnìkan ò sì wo ojú ẹnìkejì.

Òfin obìnrin tó ń tọ́jú yàrá náà nìyẹn. Bí o bá fẹ́ gbé ìwé kúrò nínú yàrá lọ sí fàráńdà níbi tí atẹ́gùn wà, o máa bọ́ bàtà òsì rẹ sílẹ̀. Bí o bá dá ìwé padà, o máa gba bàtà rẹ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì bèèrè orúkọ baba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwé ò gbọdọ̀ kọjá fàráńdà. Bí o fẹ́ bí o kọ̀.

Lójú rẹ̀, "Mà" ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn, ó di Ìyá Bàtà Òsì. Ó mọ̀, kò sì bínú, nítorí obìnrin tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ adájọ́ àti lẹ́sẹ̀ bíríkìlà bákan náà kò lè retí kí wọ́n máa pe òun ní olorì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló sì máa ń wò kó tó wo ojú. Ọlọ́gbọ́n kan ló kọ́ ọ nírú ìwò bẹ́ẹ̀. Ògbẹ́ni náà fi àlòkù bàtà kan sínú àpò wá, ó gbé e lé orí pákó, ó gbé ìwé, ó sì wọ bàtà tirẹ̀ méjèèjì lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ló dá ìwé náà padà, tó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, tó sì gbé òkú bàtà náà lọ. Láti ọjọ́ náà, bàtà tí o bá wọ̀ wá lo máa fi sílẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló ń lo yàrá náà, nínú ilé ẹbí, nígbà ayé rẹ̀. Atẹ̀wé ni, inú yàrá iwájú yẹn ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ wà, tó ń ké gbàgà gbàgà láti àárọ̀. Nígbà tí àìsàn mú un lọ, àwọn ẹbí ta ẹ̀rọ náà. Ohun tó ṣẹ́kù ni ìwé: èyí tí wọ́n tẹ̀ tí olówó rẹ̀ ò wá gbé, èyí tí ojú ewé rẹ̀ dojú dé, èyí tí oníbàárà fi sílẹ̀ pé òun ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó du ìwé mọ́ opó lọ́wọ́. Wọ́n ní kó máa mú un. Obìnrin náà kàn gbá ilẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó kan pẹpẹ mọ́ ògiri, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Òfin bàtà kò sí nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìwé lọ sílé ń gbé e lọ. Títí ó fi di ọjọ́ kan tó lọ ra ìṣó tó fẹ́ fi kan pẹpẹ mìíràn, tí oníṣòó fi bébà di ìṣó náà fún un, tó délé tó tú u, tó rí i pé ojú ìwé tí ọkọ òun fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ni. Ó jókòó ti ìṣó náà, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún. Nígbà tó nu ojú tán, ó gbé pákó kan lé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Àdúgbò kọ́kọ́ fi í ṣẹlẹ́yà. Lẹ́yìn náà ó mọ́ wọn lára. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní igun títì, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onítáyà, òjò ló lé e wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó dúró láàárín ilé, ó ká ọwọ́ dúdú méjèèjì sẹ́yìn kó má baà ba nǹkan jẹ́. Ó ní, "Mà, mi ò mọ ìwé o. Òjò ni mò ń sá fún." Obìnrin náà dáhùn pé, "Òjò náà ò mọ̀wé, ó sì ń bọ̀ níbí lójoojúmọ́. Jókòó." Ó kọ́ ọ láti a, b, d, títí ẹ̀ẹ̀rùn kan fi kọjá. Ìgbà tó yá, tí ìyá Onítáyà ń ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ ló ka ara ìgò oògùn, tó rí i pé egbògi pípara ni wọ́n fẹ́ fún ìyá òun mu. Ó sáré wá sí yàrá ìwé pẹ̀lú ìgò náà. Kò sọ ju "Mà, mo kà á" lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí Ìyá Bàtà Òsì létí Onítáyà, kó yáa múra ìjà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni obìnrin náà bí, obìnrin ni. Abẹ́ pẹpẹ ìwé lọmọ náà ti kọ́ ìrákòrò. Kó tó mọ omi í pọn, ó ti ń kàwé sókè fún àwọn aránṣọ àti àwọn onídìrí tó máa ń wá sinmi ní fàráńdà, àwọn tí ojú wọn ti rẹ̀ tàbí tí wọn ò mọ̀wé rárá. Ohùn rẹ̀ dùn. Bó bá dé ibi ẹ̀rín, ó máa dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ìyá rẹ̀ á máa to bàtà lórí pákó, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú rẹ̀ á sì máa dùn débi pé ó máa to bàtà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pinnu lọ́kàn pé ọmọ yìí ló máa gba yàrá náà lọ́wọ́ òun. Kò sọ fún ọmọ. Ó rò pé ọmọ mọ̀.

Ìwé kan wà tí wọ́n fẹ́ràn jù, ìtàn obìnrin atukọ̀ kan tó ń gbé èrò sọdá odò, tí ọkọ rẹ̀ sọdá lọ́jọ́ kan tí kò padà. Ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ló wà. Fàráńdà ò tíì gbọ́ ìparí rẹ̀ rí, nítorí ọmọ náà kì í kà kọjá ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àti pé àwọn aránṣọ máa ń ní kó padà sẹ́yìn lọ ka ibi tó dùn. Ìyá pàápàá ò tíì kà á débẹ̀. Ó ń dúró de ohùn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Kò pẹ́ sí i ló sọ pé òun ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ, ní ìlú tó jìnnà. Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ bàtà tó ń tò. Kò sọ pé kó lọ, kò sọ pé kó má lọ. Ìbínú mú un, ìbínú tí kò ní orúkọ, ó sì ń gbé e kiri nínú ilé bí ẹni tó gbé omi gbígbóná tí kò ríbi sọ ọ́ sí.

Ọjọ́ tí ọmọ náà máa lọ, ó wọ yàrá ìwé nírọ̀lẹ́. Bàtà pupa tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, olókùn tí wọ́n ń dè yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, èyí tó fi owó àkọ́kọ́ tó gbà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rà. Fàráńdà kún. Ó mú ìwé atukọ̀ lórí pẹpẹ, ó sì kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ọkọ̀ ń dúró. Ẹ jẹ́ kí n mú ìwé yìí dání. Màá kà á tán lọ́nà, màá fi ránṣẹ́."

"Ìwé kì í kọjá fàráńdà."

"Èmi náà?"

"Òfin ò mọ ọmọ onílé."

"Ìyá mi, ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni o."

"Mo ti wò ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń wò."

Kò sí ẹni tó ń ṣí ojú ewé ní fàráńdà mọ́, àmọ́ gbogbo wọn ló gbé ìwé bojú. Ọmọ náà dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà òsì rẹ̀, ó sì gbé e lé orí pákó láàárín bàtà àwọn aránṣọ, jẹ́ẹ́. Ó fi ìwé há abíyá. Ó gba àárín àwọn tó jókòó kọjá, ó kọjá fàráńdà, ó kọjá àgbàlá, ó bọ́ sí títì, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà pupa, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀.

Onítáyà ló kọ́kọ́ dìde. "Mà, ẹ pè é padà."

"Bàtà rẹ̀ wà níbí," ni obìnrin náà wí. "Ta ló ń fi ẹsẹ̀ kan rin ìrìn àjò? Kò ní dé igun títì tó fi máa yí padà."

Kò yí padà. Wọ́n ní wọ́n rí i tó wọ ọkọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Ìyá Bàtà Òsì fi òsì bá tirẹ̀ wí, ó sì gbé ọ̀tún pa mọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró kí ọmọ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ ò kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ o. Bí arìnrìn-àjò kan bá ń bọ̀ láti ìlú náà, a yà sí yàrá ìwé, a ní, "Ọmọ yín ní kí n kí yín, Mà. Ó ní àlàáfíà lòún wà." Obìnrin náà á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Á bèèrè bóyá ó sanra, á bèèrè bóyá ó ń jẹun. Bí ẹni náà bá wá ń lọ, tó ní kí ni kí òun sọ fún un, ìyá á gbójú sókè, á ní, "Ẹ sọ fún un kó dá ìwé padà."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kó máa bọ̀ wálé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bó bá ti dé ẹnu, ìwé ló máa ń dà. Ó máa ń banú jẹ́ lẹ́yìn tí àlejò bá lọ, á máa bá ara rẹ̀ wí, á ní lọ́jọ́ mìíràn òun máa sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ọjọ́ mìíràn á dé, á tún ní kó dá ìwé padà. Ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ lẹ́nu, ta ló lè kó o?

Bàtà pupa náà kò kúrò lórí pákó. Bàtà àwọn mìíràn á wá, á lọ, tirẹ̀ wà ní ìkángun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá a máa fi òróró pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a nídìí rẹ̀, á ní eruku lòún ń nù.

Ọ̀rọ̀ ayé wá dé lọ́nà tí kò rò. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló gbé e dé. Akọ̀wé ni obìnrin náà sọ ọ́, torí ọmọ kékeré ni nígbà tí òun ṣègbéyàwó wọlé, tí àpò ìwé máa ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bó bá ń ti iléèwé bọ̀. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, ló bá ní, "Akọ̀wé mi, káàbọ̀." Orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló bọ́ ọ, orí itan rẹ̀ nínú yàrá yẹn gan-an ni Akọ̀wé ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà. Ó sì di akọ̀wé lóòótọ́, ó ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kí wọ́n tó dá a dúró. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó sílé. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti kún yàrá ẹ̀yìn, débi tí Ìyá Bàtà Òsì fi kó jáde fún wọn, tó lọ gba yàrá kan ní ìparí àdúgbò.

Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jókòó.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú."

"Akọ̀wé mi, bó o ṣe dúró yẹn, mo ti bínú tán. Kí ló dé?"

"Ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ń fẹ́ yàrá yìí. Ẹbí ti sọ̀rọ̀ lé e. Ilé ẹbí ni."

"Mo mọ̀ pé ilé ẹbí ni. Èmi náà kì í ṣe ará ìta."

"Ìwé ò bọ́ ọmọ, Ìyàwó wa. Ẹ wo àwọn ọmọ mi."

"Ta ló kọ́ ọ tí o fi lè ka ohun tó wà lára àpò sìmẹ́ǹtì?"

Akọ̀wé gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo bẹ́ńṣì, ó wo ibi tí itan obìnrin yìí máa ń wà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí obìnrin náà rí i pé omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó jọ̀wọ́ ìjà náà.

"Ẹ máa mú un," ló wí. "Pákó bàtà yẹn nìkan ni kí ẹ má ṣí kúrò."

"Ẹnu ọ̀nà ni, Ìyàwó wa. Ibẹ̀ làwọn alábàárù máa gbà."

"Kí wọ́n máa yà fún un. Ọmọ mi ò mọ yàrá tí mo wà báyìí. Ibi tó fi bàtà rẹ̀ sí ló mọ̀."

Onítáyà gbọ́, ó wá bá a. "Mà, ṣé a ò ní júwe yín fún un ni? Èmi wà ní igun yẹn látàárọ̀ dalẹ́."

Ó mi orí. "Ẹni tó fi ìbínú jáde kì í bèèrè ọ̀nà. Bó bá rí sìmẹ́ǹtì níbi tí ìwé wà tẹ́lẹ̀, á kàn yí padà ni."

Àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní àbùkù ni, wọ́n ní kò dáa, wọ́n ní níbo làwọn ọmọ á ti máa kàwé. Wọ́n pòṣé, wọ́n mirí, oníkálukú sì gba ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òṣé pípa kò kan pẹpẹ mọ́ ògiri rí. Iléèwé kó ìwé díẹ̀, Onítáyà kó èyí tí ààyè gbà sínú àtíbàbà rẹ̀ láàárín táyà, ikán sì ti bá wọn pín èyí tó kù. Àwọn tó ní bàtà lórí pákó wá gba bàtà wọn. Olùkọ́ kan wọ tirẹ̀ tán, kò lè lọ, ó dúró síbẹ̀ ó ń tú okùn rẹ̀, ó tún ń dè é.

Ọjọ́ tí sìmẹ́ǹtì dé, bàtà pupa nìkan ló kù. Obìnrin náà gbé àpótí kan ti pákó, ó jókòó. Àwọn alábàárù ń gbé àpò kọjá, wọ́n ń ké pé, "Ẹ yà, Mà! Ẹ jọ̀ọ́, Mà!" Ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kò dìde. Eruku funfun bà lé orí rẹ̀, ó bà lé bàtà. Ó fi ìdí aṣọ nu bàtà náà, eruku tún bà á. Kò nu orí tirẹ̀. Àpò kún yàrá láti ilẹ̀ débi àjà, ibi tí ìtàn atukọ̀ máa ń wà ti bọ́ sẹ́yìn wọn.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí obìnrin kan gba títì bọ̀. Kò ju ẹgbẹ́ ọmọ Ìyá Bàtà Òsì lọ. Ó wo ilé, ó wo sìmẹ́ǹtì, ó wo bébà kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń yí padà. Ìgbà náà ló rí bàtà pupa lórí pákó. Ó dúró sójú kan. Ó rìn wá tààrà, ó sì kúnlẹ̀ nínú eruku.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹ̀yin ni ìyá wa?"

Ìyá Bàtà Òsì wo ẹsẹ̀ àlejò náà, lẹ́yìn náà ó wo ojú rẹ̀. "Ìyá ta ni?"

Àlejò fi ọwọ́ méjèèjì yọ nǹkan kan jáde láti inú ọ̀rá. Ìwé ni. Wọ́n ti fi aṣọ rán ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra, etí ewé rẹ̀ ti yípo nítorí ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ìtàn atukọ̀.

"Mo wá dá ìwé padà, Mà."

Ìyá kò gbà á. Ó ń wo ẹ̀yìn àlejò náà, ó ń wo títì. "Òun ńkọ́? Ṣé ó wà nínú ọkọ̀ ni? Ṣé ojú ń tì í? Lọ sọ fún un pé n ò bínú. Sọ fún un pé mi ò bínú rárá, kó máa bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ láti ọjọ́ yìí, ó wá sọ ọ́. Àlejò náà dorí kodò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà mọ ohun tí irú ìdoríkodò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Alábàárù kan tó ru àpò sórí dúró, kò ní kí wọ́n yà fún òun mọ́.

"Àyà ló ń dùn ún, Mà," ni àlejò náà wí. "Ó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́. A gbé e lọ ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Ó ti lọ, Mà."

Ìyá Bàtà Òsì ò ké. Ó kàn gbé ọwọ́ lé bàtà pupa náà, ó dì í mú gírígírí bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ dà nù.

"Iṣẹ́ mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni? Mo ń ránṣẹ́. Mo ń ránṣẹ́ ṣáá."

"Ó ń dé, Mà. Aránṣọ lèmi náà, yàrá kan la jọ ń gbé. Bí iṣẹ́ yín bá ti dé pé kó dá ìwé padà, á máa rẹ́rìn-ín. Á ní, 'Ẹ gbọ́, ìyá mi ń pè mí wálé.' Ó ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀."

"Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀ o."

"Kí ló wá dá a dúró?"

"Ìwé yìí náà ni. Ìgbà ìsinmi níbi iṣẹ́ ló máa ń kà á fún wa. Mi ò mọ 'a' yàtọ̀ sí 'b' nígbà tí mo débẹ̀, òun ló kọ́ mi. Ìgbà tó yá, ó ń ra ìwé àlòkù, ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi tí à ń gbé, ó kan pákó mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kàwé bọ́ bàtà òsì. A bú u! A ní wèrè ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì já sí ẹkún. "Ó ní òun ò lè gbé ìwé yìí kúrò nígbà tí àwọn kan ò tíì kà á tán. Bí àwọn yẹn bá sì kà á tán, àwọn tuntun á tún dé. Ó ní bó bá di ọdún tó ń bọ̀, òun fúnra òun máa gbé e wá fún yín, òun á sì wọ bàtà òun méjèèjì. Ọ̀kan yòókù wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ láti ìgbà náà, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Ó nu imú rẹ̀. "Nígbà tó rí i pé kò ní ṣeé ṣe mọ́, ó ní kí n gbé ìwé wá, kí n sì gba bàtà. Ó ní ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ láìgbà á."

Ìyá dìde. Gbogbo ara rẹ̀ funfun. Ó gba ìwé, ó sì gbé bàtà pupa lé àlejò lọ́wọ́, bó ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti dá ìwé padà. Ìwé dé, bàtà lọ. Ó yí padà láti gbé ìwé náà sáyè rẹ̀, bí ó ti mọ́ ọn lára, ó sì dúró síwájú ògiri àpò sìmẹ́ǹtì. Akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wò ó, kò lè sún mọ́ ọn.

Ìyá yíjú padà sí àlejò. "Ìtàn yìí, báwo ló ṣe parí?"

"Ó ní kí n má sọ fún yín, Mà. Ó ní ẹ máa fẹ́ kà á fúnra yín."

"Pákó yín ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà, Mà. Àwọn èèyàn ṣì ń wá."

Ìyá Bàtà Òsì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí pákó mú. Ó bọ́ bàtà òsì rẹ̀, bàtà dúdú pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé e lé àlejò lọ́wọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa.

"Mo fẹ́ yá ìwé yìí."

"Háà, Mà! Ìwé yín ni. Ẹ wọ bàtà yín, ẹ jọ̀ọ́."

"Òfin ò mọ ọmọ onílé," ni obìnrin náà wí. "Bá mi gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Bí mo bá kà á tán, màá wá gbà á."

Ó fi ìwé há abíyá. Ó gba àárín àwọn alábàárù kọjá, ó kọjá fàráńdà, ó kọjá àgbàlá. Onítáyà ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní igun títì, ó dìde dúró. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Títì ṣì gbóná níbi tí oòrùn ti pa á látàárọ̀, obìnrin náà kò sì mọ̀ rí, títí di ọjọ́ náà, bó ṣe ń jó ẹsẹ̀ tó.